Ilé Ìyá ní Kúdẹtì

Ọmọ méjì ni Olóyè Olúnlọ́yọ̀ fi ránṣẹ́ sílé òyìnbó. Akínyẹlé ni ọkùnrin, Yéjídé ni obìnrin. Ọdún 1853 ni, Ìbàdàn kò sì tíì pé ọgbọ̀n ọdún tí àwọn ológun tẹ̀ ẹ́ dó. Wọn kò bi wọ́n léèrè owó ilé-ìwé, kò sẹ́ni tó wọn aṣọ sí wọn lára, kò sí rẹ́jísítà tí wọ́n kọ orúkọ wọn sí. Baba wọn wulẹ̀ ní kí wọ́n lọ máa bá àwọn àlejò náà gbé ni, bí èèyàn ṣe máa ń fi ọmọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ tàbí ìbátan kí ó lè bá a kọ́ ọ níṣẹ́ àti níwà. Bí ilé-ìwé ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn nìyẹn.

Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ìtàn yìí. Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ ni pé òyìnbó gbé ìwé dé, Ìbàdàn gba ìwé, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ohun tí wọn kì í sọ ni bí ilé náà ti kéré tó. Kò tóbi ju agboolé kan lọ. Àwọn ọmọ tó ń sùn níbẹ̀, èèyàn lè fi èémí kan pe orúkọ gbogbo wọn tán. Síbẹ̀, inú ilé kékeré yẹn ni àwọn tó gbé ìjọ Ìbàdàn ró títí dé ìparí ọ̀rúndún náà ti jáde, ibẹ̀ náà sì ni ẹni tó kọ ìtàn gbogbo Yorùbá ti lo èwe rẹ̀. Èrò tèmi ni pé kíkéré ilé náà ló ṣe é. Bí ilé náà bá tóbi ni, bóyá ni ohun tó jáde níbẹ̀ ì bá jáde.

Tọkọtaya òyìnbó kan ló ni ilé náà. Ọkọ ló kọ́kọ́ dé. David Hinderer, ọmọ Jámánì láti agbègbè Württemberg, ń ṣiṣẹ́ fún CMS, ẹgbẹ́ ajíhìnrere àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1851 ló kọ́kọ́ wọ Ìbàdàn, ó sì lo oṣù bíi mélòó kan. Àwọn ìjòyè jókòó lé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí. Kì í ṣe gbogbo wọn ló fẹ́ ẹ; ẹnì kan nínú wọn sọ ọ́ ní gbangba pé ìlú tí òyìnbó bá ti wọ̀ kì í dúró bó ṣe wà. Wọ́n bi Ifá, Ifá ní kí wọ́n gbà á. Ẹni tó sọ̀rọ̀ yẹn kò fi gbogbo ẹnu parọ́, bí a bá ro ohun tó padà ṣẹlẹ̀ sí ilẹ̀ Yorùbá kí ọ̀rúndún náà tó parí, ṣùgbọ́n ìtàn ọjọ́ mìíràn nìyẹn. Hinderer padà sí ìlú òyìnbó, ó gbé Anna Martin níyàwó ní 1852, nígbà tó sì di oṣù kìn-ín-ní ọdún 1853, àwọn méjèèjì ti gúnlẹ̀ sí Èkó. Wọ́n gba Abẹ́òkúta kọjá sí Ìbàdàn láàárín ọdún kan náà.

Anna yìí ni ìtàn wa. Wọ́n bí i ní 1827 ní Norfolk, ní apá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Nígbà tó yá, ó bọ́ sọ́dọ̀ àlùfáà kan àti ìyàwó rẹ̀ ní Lowestoft, ní etí òkun, ibẹ̀ ló sì ti ń kó àwọn ọmọ tálákà jọ lọ́jọ́ Ìsinmi láti kọ́ wọn, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì ju ọmọ lọ. Kò bímọ rárá títí tó fi kú. Ẹni tí kò rí ìyá rẹ̀ bá dàgbà, tí kò sì bí ọmọ kankan, ni gbogbo Kúdẹtì, àdúgbò tí ilé náà wà ní Ìbàdàn, wá ń pè ní Ìyá. Orúkọ tí àwọn ọmọ fún un nìyẹn, òun náà sì fẹ́ràn rẹ̀ dé ibi pé ó ń kọ ọ́ sínú lẹ́tà tó ń fi ránṣẹ́ sílé bí ó ti wà, láìtúmọ̀ rẹ̀.

Lẹ́tà rẹ̀ àti ìwé tó ń kọ sílẹ̀ lójoojúmọ́ ni a fi mọ ìtàn yìí. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó wọn jọ, wọ́n tẹ̀ wọ́n jáde ní 1872. Ẹni tó bá kà á yóò rí i pé obìnrin òyìnbó ìgbà náà ló kọ ọ́ lóòótọ́. Àwọn nǹkan kan wà níbẹ̀ nípa àwọn baba ńlá wa tí yóò mú inú bí ọmọ Yorùbá, bí ó ṣe ń pe òrìṣà wọn àti bí ó ṣe ń káàánú wọn. Mo fo àwọn ibẹ̀ yẹn kọjá nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Nígbà kejì mo kà wọ́n, nítorí pé ẹni tó ní àbùkù yìí náà ló tọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyẹn.

Ilé alámọ̀ tóóró kan, tí wọ́n fi koríko bò, ni wọ́n kọ́kọ́ gbé. Ẹnu ọ̀nà kì í ṣófo. Ìyá àgbà yóò wá, ọmọdé yóò wá, ọmọ ogun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ojú ogun dé yóò wá, gbogbo wọn fẹ́ wo obìnrin funfun kí wọ́n sì fọwọ́ kan irun rẹ̀. Ibà ń ṣe é léraléra. Nígbà tó yá, wọ́n kọ́ ilé tó dára sí Kúdẹtì, nítòsí odò tó ń jẹ́ orúkọ náà, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn ọmọ sì ń sùn nínú ọgbà kan náà pẹ̀lú wọn. Ilé-ìwé, ilé oúnjẹ, ilé àdúrà, ilé ìtọ́jú aláìsàn, agbo kan ni gbogbo rẹ̀.

Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ wọn ní a-b-d. Àjàyí Crowther àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń tẹ ìwé jáde ní èdè wa nígbà náà, ìwé ìkọ́ni ọmọdé àti apá kan nínú Bíbélì, nítorí náà ọ̀rọ̀ tí ọmọ bá kọ́kọ́ rí nínú ìwé, ọ̀rọ̀ tó ti mọ̀ lẹ́nu ni. Hinderer fúnra rẹ̀ gbọ́ Yorùbá dáadáa. Òun ló túmọ̀ ìwé John Bunyan tí a mọ̀ sí Ìlọsíwájú Èrò-Mímọ́, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1866. Àwọn ọmọbìnrin ń kọ́ abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ Ìyá. Orin kò wọ́n nílé náà, dùùrù kan sì wà níbẹ̀ tí àwọn ará ìlú ń wá gbọ́. Lẹ́yìn èyí, ọmọ kan yóò lọ pọnmi lódò, òmíràn yóò gbálẹ̀, òmíràn yóò jókòó ti Ìyá nígbà tí ibà bá dá a dùbúlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yà síbì kan díẹ̀. Ilé-ìwé tí èmi lọ ní kékeré, a lé ní àádọ́rin nínú kíláàsì kan, bẹ́ǹṣì kan fún ọmọ márùn-ún. Olùkọ́ wa kò burú. Ṣùgbọ́n títí tí a fi lo sáà mẹ́ta lọ́dọ̀ rẹ̀, "ìwọ tó wà lẹ́bàá fèrèsé" ni orúkọ mi. Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi kú, mo lọ sílé-ìwé, mo jókòó, mo dáhùn "prẹ́sẹ́ǹtì sà", mo padà sílé, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé nǹkan kan ṣe mí. N kò dá olùkọ́ lẹ́bi. Ojú méjì péré ni Ọlọ́run fún un. Àmọ́ nígbà tí mo ka ohun tí Anna Hinderer kọ nípa àwọn ọmọ rẹ̀, ohun tó gbà mí lọ́kàn ni pé ó mọ èyí tó ń bẹ̀rù òkùnkùn, ó mọ èyí tó máa ń rẹ́rìn-ín nínú àdúrà, ó mọ èyí tí kò tíì gbàgbé ilé.

Kíkọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ a-b-d nìkan. Ìtàn Ògúnyọmí fi í hàn. Ọmọdébìnrin ni, ogun ló kó o, wọ́n sì ya òun àti ìyá rẹ̀ sọ́tọ̀. Àwọn Hinderer rà á padà, ó di ọmọ ilé. Ẹ ronú ohun tó wà nínú ọmọ bẹ́ẹ̀: ó ti rí ibi tí wọ́n ti ń díye lé èèyàn, wọ́n sì ti díye lé òun náà. Ó wà nílé Ìyá báyìí, ó ń jẹun, ó ń kọ́ ìwé. Ní ọjọ́ kan tí ó jáde láàárín ìlú, obìnrin kan rí i, ó dúró, ó pè é. Ìyá rẹ̀ ni. Òun náà wà lóko ẹrú nínú Ìbàdàn kan náà láti ọjọ́ yìí, kò sì mọ̀ pé ọmọ òun wà nítòsí. Ẹkún ni wọ́n fi pàdé. Nígbà tó yá, wọ́n rí owó ra ìyá náà padà, ó wá di ara ilé ní Kúdẹtì, ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ọmọ rẹ̀ ń kọ́ ìwé níbẹ̀. Bí ilé náà bá jẹ́ ti ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ọmọ, ta ni yóò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu ọmọ kan, ta ni yóò wá owó kiri nítorí ìyá rẹ̀?

Kò yẹ kí n sọ ọ́ bí ẹni pé gbogbo Ìbàdàn ló ń sáré kó ọmọ wá. Ó tì o. Ìlú ológun ni. Ohun tí baba fẹ́ kí ọmọkùnrin rẹ̀ dà ni akọni tí yóò kó ẹrú wálé, tí ìlù yóò máa ki. Ohun tí àwọn ìyá ń sọ ni pé ìwé máa ń sọ ọmọ di ojo. Ẹ̀rù yìí jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń rí òbí tó mú ọmọ wá, tó tún wá fà á padà. Àwọn ọmọbìnrin tó ti dàgbà, tí wọ́n ní àwọn kò bọ òrìṣà mọ́, jìyà lọ́wọ́ ará ilé wọn. Wọ́n na ẹlòmíràn, wọ́n dè é mọ́lẹ̀. Mo lóye àwọn òbí náà. Ọmọbìnrin tí wọ́n ti gba ìdána lórí rẹ̀, tó wá dédé ní òun kò ní bá wọn lọ sójúbọ mọ́, kí ni wọn yóò sọ fún àwọn àna? Nítorí náà ilé-ìwé náà kò pọ̀, kò sì lè pọ̀. Ohun tó mú kí Ìyá máa ráhùn nínú lẹ́tà rẹ̀, pé àwọn ọmọ kéré níye, òun gan-an ni èmi rí pé ó ṣe wọ́n láǹfààní.

Ní 1858 ni ilé náà gba àwọn èrò tuntun. Àwọn Hinderer ti lọ sinmi nílùú òyìnbó. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, ìdílé kan láti Sàró, ìyẹn Sierra Leone, bá wọn wá. Baba ilé náà, Henry Johnson, Ọ̀yọ́ ni í ṣe, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú tí ọkọ̀ ogun òyìnbó sì gbà sílẹ̀ sí Sàró. Ó wá ṣiṣẹ́ ìjọ ní Ìbàdàn. Ó kó ìyàwó àtàwọn ọmọ dání. Nínú àwọn ọmọ yìí, Henry kékeré àti Nathaniel di àlùfáà àgbà, èyí tí wọ́n ń pè ní adíákónì àgbà nínú ìjọ Áńgílíkà. Obadiah di dókítà oníṣègùn, ó wà lára àwọn Yorùbá àkọ́kọ́ tó kàwé dókítà. Samuel, tí wọ́n bí ní Hastings ní Sàró ní ọjọ́ 24 oṣù kẹfà ọdún 1846, ni yóò kọ ìwé ìtàn gbogbo Yorùbá náà. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà tó wọ ọgbà Kúdẹtì. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí: ọmọ tí baba rẹ̀ ń sọ fún un lójoojúmọ́ pé Ọ̀yọ́ ni wá, tó sì jẹ́ pé kò tíì fi ojú kan Ọ̀yọ́ rí. Ó dé ìlú tí gbogbo èèyàn ń sọ èdè baba rẹ̀, tí àwọn arúgbó tó sá kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé ṣì wà láàyè, tí wọ́n jókòó sí ìta ilé wọn nírọ̀lẹ́.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ogun Ìjàyè bẹ̀rẹ̀.

Ogun náà wà láàárín Ìbàdàn àti Kúrunmí, Ààrẹ Ìjàyè, nígbà tí ọ̀ràn ta ni yóò jẹ Aláàfin di wàhálà. Àwọn Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè. Bí Ẹ̀gbá ti dìde báyìí, ọ̀nà Abẹ́òkúta dí. Ìjẹ̀bú náà dí tiwọn. Ìbàdàn wá dà bí ẹni tó wà nínú yàrá tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ láti ìta. Ọkà àti iṣu kò wọ́n àwọn ará ìlú púpọ̀ nítorí oko wà, ṣùgbọ́n ilé Kúdẹtì kò lóko. Owó wọn ń ti Èkó wá ni, Èkó kò sì ṣeé lọ mọ́. Balógun Ìbíkúnlé kó ogun jáde, Ògúnmọ́lá tẹ̀ lé e, ìlù gbẹ̀du ń dún títí tí wọ́n fi gba ẹnubodè kọjá. Nígbà tí Ìjàyè fọ́ ní oṣù kẹta ọdún 1862, ayọ̀ ńlá ni ní Ìbàdàn, àmọ́ ọ̀nà kò ṣí. Ìjà náà kàn yí gba ilẹ̀ Rẹ́mọ lọ ni, kò sì tán títí di 1865.

Nínú ọdún márùn-ún yìí ni ilé-ìwé kékeré náà fi ara rẹ̀ hàn. Owó ẹyọ tán. Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹrù ilé. Agolo bísíkíìtì tó ti ṣófo, àpótí páànù, aṣọ ìbora, ohunkóhun tí obìnrin ọjà kan bá lè fún un ní owó díẹ̀ lé lórí. Ẹ̀wà àti epo ni wọ́n ń jẹ lọ́pọ̀ ọjọ́. Wọ́n ń díwọ̀n oúnjẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, àwọn àgbà sì ń fi tiwọn sílẹ̀. Ìrora wà pẹ̀lú ìtìjú. Òyìnbó tí wọ́n rò pé kò sí ohun tí kò ní, òun ló ń ta agolo lójú ọjà yìí. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé àwọn ará ìlú yá wọn lówó ẹyọ. Àwọn obìnrin tí kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì rí lára wọn, wọ́n fún wọn láwìn, wọ́n mọ̀ pé kò sí ọjọ́ kan pàtó tí owó yóò padà wá. Hinderer fi ẹ̀mí rẹ̀ wewu gba inú igbó lọ sí Èkó láti lọ wá owó, ó sì padà wá pẹ̀lú àìsàn.

Àwọn ọmọ rí gbogbo èyí. Wọn kò lè máà rí i, nítorí kò sí ògiri láàárín yàrá ìkàwé àti ilé ìdáná. Ọmọ tó wà nílé-ìwé ńlá lè kàwé jáde láìmọ̀ bóyá olùkọ́ òun jẹun lọ́jọ́ náà. Ọmọ Kúdẹtì mọ iye agolo tó kù láti tà. Samuel Johnson wà nínú ọgbà yẹn láti ọmọ ọdún mọ́kànlá títí dé nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, kó tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Abẹ́òkúta. Ẹni tó bá ka ibi tó ti kọ nípa ogun Ìjàyè nínú ìwé rẹ̀ yóò rí i pé ẹni tí ó mọ orúkọ àwọn ọ̀gágun, tó mọ ibi tí àgọ́ wà, tó mọ ohun tí ebi ṣe fún ìlú, ló ń sọ̀rọ̀. Ojú rẹ̀ ló ṣe, àwọn tó sọ ìyókù fún un kò sì jìnnà sí i.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1865, àárẹ̀ ti mú Ìyá dé ibi tí wọ́n fi rò pé kò ní yè é. Gómìnà Èkó, Glover, rán ọ̀gágun kan tó ń jẹ́ Maxwell gba ọ̀nà inú igbó tuntun tí àwọn ológun Ìjẹ̀bú kò ṣọ́. Òru ni wọ́n wọ Ìbàdàn. Wọ́n ní kí ó múra, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọn yóò lọ. Wákàtí méje ni wọ́n fún un láti fi ilé tó ti gbé fún ọdún méjìlá sílẹ̀. Kò fẹ́ lọ. Ọkọ rẹ̀ kò lè bá a lọ lọ́jọ́ náà, ìgbà tó yá ló tẹ̀ lé e. Wọ́n gbé e nínú ibùsùn aṣọ tí wọ́n fi ọ̀pá há, àwọn ọkùnrin gbé e léjìká, wọ́n sì wọ igbó. Àwọn ọmọ tó ń sùn nínú ọgbà jí, wọ́n ń sunkún.

Ó padà wá lẹ́yìn náà, ó tún lo bí ọdún méjì sí i, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ti tán. Ní 1869 ni wọ́n fi Ìbàdàn sílẹ̀ pátápátá. Ó kú ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ọdún 1870 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì.

Bí ilé-ìwé náà bá jẹ́ ti òyìnbó nìkan, ọjọ́ yẹn ni ì bá kú pẹ̀lú rẹ̀. Kò kú. Daniel Olúbí ló gba ọgbà náà. Ọmọ Ẹ̀gbá ni Olúbí, ọmọ ọ̀dọ̀ tó bá àwọn Hinderer wá láti Abẹ́òkúta. Ó gbálẹ̀, ó gbé ẹrù, ó kọ́ ìwé, ó di olùkọ́, ó di katikíìsì, ó di àlùfáà. Ó ṣàkóso iṣẹ́ ìjọ ní Ìbàdàn fún ọ̀pọ̀ ọdún nínú ogun Kírìjì, èyí tí Ìbàdàn bá àwọn Èkìtì jà, nígbà tí kò sí òyìnbó kankan níbẹ̀. Nígbà tí àwọn ìjòyè bá fẹ́ ránṣẹ́ sí Èkó, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń wá. Ẹni tó kọ́kọ́ dé gẹ́gẹ́ bí ọmọ ọ̀dọ̀ ló jókòó sórí àga ọ̀gá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì tà lójú àwọn ológun. Èmi kò rò pé wọ́n kọ́ ọ ní ìyẹn nínú ìwé kankan.

Ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin náà kò parun. Wọ́n dá ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀ ní Kúdẹtì ní 1899. Ní 1950 wọ́n pa á pọ̀ mọ́ ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin CMS ti Èkó, èyí tó ti wà láti 1869, ó sì di St. Anne's School tó wà ní Mọ̀lété títí dòní. Ilé-ìwé gírámà àwọn ọmọbìnrin kan náà wà ní Ìbàdàn tó ń jẹ́ Yéjídé. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ló ti wọ yunifọ́ọ̀mù ibẹ̀. Mo ti bi méjì nínú wọn, àgbàlagbà, ta ni Yéjídé. Ọ̀kan ní ìyàwó gómìnà kan ni. Èkejì rẹ́rìn-ín, ó ní wọn kò kọ́ àwọn.

Samuel Johnson padà dé láti Abẹ́òkúta ní ìparí 1865, ó sì di olùkọ́. Kúdẹtì àti Arẹ̀mọ, àdúgbò mìíràn ní Ìbàdàn, ló ti kọ́ ọmọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kó tó di àlùfáà tí wọ́n rán lọ sí Ọ̀yọ́. Nígbà tí ogun Kírìjì kọ̀ tí kò tán, òun ló gbé ìwé Aláàfin Adéyẹmí lọ fún gómìnà Èkó ní 1881. Ní 1886, òun àti Charles Phillips ni wọ́n rán láti àgọ́ dé àgọ́ kí wọ́n lè bá àwọn tó ń jà sọ̀rọ̀. Àwọn Ìbàdàn gbọ́ tirẹ̀ nítorí pé ọmọ ilé ni wọ́n kà á sí. Àwọn Èkìtì náà gbọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àgọ́ ọ̀tá ló ti ń bọ̀.

Gbogbo ìgbà yìí ló ń kọ nǹkan sílẹ̀. Ohun tó ń dùn ún, bó ṣe sọ ọ́ nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé rẹ̀, ni pé àwọn ọ̀mọ̀wé Yorùbá mọ ìtàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n mọ ti Gíríìkì àti ti Róòmù, wọn kò sì mọ nǹkan kan nípa ilẹ̀ tiwọn, bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà ń kú lọ. Ilé-ìwé òyìnbó ló ń ta ọ̀rọ̀ náà bá. Ẹni tí ilé-ìwé kọ́ ló rí ohun tí ilé-ìwé fo.

Ó parí iṣẹ́ náà ní 1897. Wọ́n fi í ránṣẹ́ sílùú òyìnbó kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, ó sọnù sọ́wọ́ àwọn tó gbà á. Ogún ọdún tí èèyàn fi wá ọ̀rọ̀ lẹ́nu àgbà, ó sọnù bí ẹni pé abẹ́rẹ́ bọ́ sódò. Johnson kú ní 1901, kò rí i. Obadiah, àbúrò rẹ̀ dókítà, jókòó ti àwọn ìwé jákujàku tó kù sílé, ó tò wọ́n, ó tún wọn kọ, ó ṣe é fún ọdún púpọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ oògùn rẹ̀. Òun náà kú ní 1920. Ọdún tó tẹ̀ lé e, 1921, ni ìwé náà jáde, ó sì nípọn ju Bíbélì àwọn ẹlòmíràn lọ.

Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú yẹn, Johnson dárúkọ àwọn tó sọ ìtàn fún un. Àwọn arọ́kin Aláàfin ló sọ ti ìgbà láéláé. Fún ti àwọn ogun tó sún mọ́ wa, ó dárúkọ David Kúkọ̀mí, àgbà ìjọ Ìbàdàn. Kúkọ̀mí yìí wà lára àwọn ẹni àkọ́kọ́ tó gbàgbọ́ ní Kúdẹtì. Kó tó dìgbà náà, ojú rẹ̀ ti rí ogun. Johnson wá fi kún un pé òun ni baba Àlùfáà R. S. Oyèbọ̀dé. Oyèbọ̀dé kò nílò àlàyé lójú rẹ̀. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kékeré tó ń sùn nílé Ìyá.